Ọta Ọ̀yà Kì Í Ṣe Ọta Àgbọ̀nrín



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Ọ̀rọ̀ ìjà ni. Àṣà kan ni mo fẹ́ bá jà, kì í ṣe ènìyàn kan. Àṣà náà ni pé ọdẹ á mú ọta wẹ́wẹ́, ọta tí a ṣe fún àparò àti ọ̀yà, á sì yìn ín sí àgbọ̀nrín. Mo ní àṣà yìí kò dára. Ó ń ṣe ẹran léṣe, ó ń ṣe ọdẹ léṣe, ó sì ń ṣe ẹni tó bá jẹ ẹran náà léṣe. Bí inú bá ń bí yín sí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ẹ ka nọ́ńbà ara kàtúùṣì

Ẹ mú kàtúùṣì kan lọ́wọ́. Ọta ìbọn tí wọ́n ti dì tán láti ilé iṣẹ́ ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ ike tàbí páálí. Ẹ yí i wò. Ẹ óò rí nọ́ńbà kan lára rẹ̀ tàbí lára àpótí rẹ̀: 2, 4, 6 tàbí òmíràn. Nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀wé, nọ́ńbà yìí kò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹni tó ń tà á ló ń wí fún yín pé, "Èyí dára, gbà á." Nísinsìnyí, ẹ̀yin fúnra yín lè kà á.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ nìyí: bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọta inú rẹ̀ ń kéré sí i. Ọta nọ́ńbà 6 kéré ju ti nọ́ńbà 4 lọ. Ọta nọ́ńbà 4 kéré ju ti nọ́ńbà 2 lọ. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé nọ́ńbà ńlá ni ọta ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọta nọ́ńbà 6 kan kò fẹ̀ tó mìlímítà 3. Mẹ́jọ wọn lápapọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 1. Nínú kàtúùṣì tí ọta inú rẹ̀ wọn gíráàmù 32, wọ́n lé ní 200. Ṣùgbọ́n kàtúùṣì mìíràn wà tó jẹ́ pé ọta ńlá 9 péré ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ ju mìlímítà 8 lọ, ó sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 3 àti ààbọ̀. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: ọta ńlá kan ṣoṣo wúwo tó ọta nọ́ńbà 6 bíi 28.

Ẹran náà ńkọ́? Àparò kò tó kílò 1. Ọ̀yà tó tóbi gan-an kì í sábà ju kílò 10 lọ. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín, ẹran pupa tí ìlà àti àmì funfun wà lára rẹ̀, akọ rẹ̀ lè wọn kílò 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ rẹ̀ nípọn. Ẹran èjìká rẹ̀ ki. Egungun sì bo ọkàn rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Èmi náà wí pé ìwọ̀n ẹran ni ìwọ̀n ọta.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹran

Kí ló ń pa ẹran? Kì í ṣe ariwo ìbọn. Kì í ṣe iná tó ń bù yẹ̀rì lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ń pa ẹran ni kí ọta dé ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tú, kí èémí tán. Bí ọta kò bá dé ibẹ̀, ẹran kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó farapa ni.

Ọta wẹ́wẹ́ fúyẹ́. Ohun tó fúyẹ́ kì í pẹ́ kí agbára rẹ̀ tó tán nínú afẹ́fẹ́. Ẹ ju òkúta kan, kí ẹ sì da ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan. Èwo ló lọ jìnnà? Bí ọta wẹ́wẹ́ bá ba àgbọ̀nrín láti ìṣísẹ̀ 30, ó lè gba inú awọ kọjá, kó wọ inú ẹran ara díẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀. Àgbọ̀nrín á fò sókè, á wọ igbó lọ.

Ọdẹ á tan iná, á máa wá ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ihò kékeré kì í da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀. Irun àti ọ̀rá á dí i. Ọdẹ á wá a títí, á sú u, á padà sílé. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Irọ́ ni, kò bọ́. Ó ń kú lọ nínú igbó ni. Ó lè gba ọjọ́ kan, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Egbò rẹ̀ á kẹ̀. Kò ní lè jẹun, kò ní lè sáré. Níkẹyìn, ìdin àti igún ni yóò jẹ ẹran tí àwọn ọmọ ọdẹ ì bá jẹ.

Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Àgbọ̀nrín tó farapa kì í ṣe ẹran tí à ń fọwọ́ pa lórí. Akọ rẹ̀ ní ìwo méjì tó mú ṣóṣóró. Bí ó bá rí i pé ọ̀nà ti dí mọ́ òun, ó lè yíjú padà, kó kan ẹni tó ń tọpa rẹ̀. Ọdẹ tó fi ọta kékeré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè fi ọgbẹ́ ńlá parí rẹ̀.

Àwọn tí ìbọn wọn yára ju tiwa lọ ń jiyàn lórí rẹ̀

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọdẹ ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní. Ìbọn tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Ọta kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbẹ́ ìlà yípo sínú ọ̀pá ìbọn náà, kí ọta lè máa pòyì bó ṣe ń jáde. Nítorí náà ó ń lọ tààrà, ó sì ń lọ jìnnà.

Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni pé: ǹjẹ́ ọta tó kéré nínú irú ìbọn yìí tó láti pa àgbọ̀nrín? Ọ̀kan nínú àwọn ọta kékeré náà ni wọ́n ń pè ní .223. Kò fẹ̀ tó mìlímítà 6. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ wọn nǹkan bíi gíráàmù 3 àti ààbọ̀. Ṣé ẹ rántí ìwọ̀n yẹn? Òun náà ni ìwọ̀n ọ̀kan nínú ọta ńlá 9 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo eré rẹ̀. Ọta kàtúùṣì tiwa ń jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré nǹkan bíi mítà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwọn lé ní mítà 900. Ó ju ìlọ́po méjì lọ.

Síbẹ̀, kí ni òfin wọn wí? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1991 kò gbà kí ọdẹ lo ìbọn yìí fún àgbọ̀nrín bí fífẹ̀ ihò rẹ̀ kò bá tó .240, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 6. Ní ọdún 2007, wọ́n yọ oríṣi àgbọ̀nrín kékeré méjì péré sọ́tọ̀, wọ́n sì gba ọta tó kéré díẹ̀ sí i láàyè fún wọn. Òfin kan náà kò fẹ́ kí wọ́n fi ìbọn oníkàtúùṣì bíi tiwa pa àgbọ̀nrín, àfi nígbà díẹ̀ tó bá ní ìdí pàtàkì. Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, bí ọta kò bá tó .24, kò bófin mu láti fi pa àgbọ̀nrín.

Kí n má fi òtítọ́ pamọ́: ibòmíràn gbà á. Ní Skọ́tílándì, òfin gba irú ọta kékeré bẹ́ẹ̀ fún oríṣi àgbọ̀nrín kan tí kì í sábà ju kílò 30 lọ. Ní ìpínlẹ̀ Texas, ọdẹ lè lò ó. Àwọn tó fara mọ́ ọn wí pé ìbọn ọlọ́ta kékeré kì í ti èjìká ọdẹ sẹ́yìn púpọ̀, nítorí náà ọwọ́ ọdẹ kì í gbọ̀n, ọta rẹ̀ sì ń bọ́ síbi tó fojú sùn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ọta tí wọ́n ń jà lé lórí wúwo tó ọta nọ́ńbà 6 bíi 28, ó sì ń sáré ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Lójúmọmọ ni wọ́n ń yìn ín, sí ojú kan pàtó lára ẹran tó dúró jẹ́ẹ́. Bí irú ọta bẹ́ẹ̀ bá ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, tí àwọn kan sì fi òfin dè é, kí ni a ó wá wí nípa ọta tí mẹ́jọ rẹ̀ kò ju gíráàmù 1 lọ? Ìdáhùn rẹ̀ kò le.

Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn alátakò lóhùn

Àwọn kan ń wí pé, "Ọdẹ gidi kò nílò ọta ńlá. Ojú àti ọwọ́ ló ń pa ẹran." Mo gbà pé ojú àti ọwọ́ ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń dọdẹ? Òru ni. Iná wà lórí ọdẹ, ojú ẹran ń kọ mànà nínú òkùnkùn. Ojú méjì nìkan ni ọdẹ ń rí. Kò rí èjìká, kò rí ìhà. Nígbà mìíràn, kò mọ̀ bóyá ẹran náà kọjú sí òun ni tàbí ó yí ẹ̀gbẹ́ sí òun. Ẹni tí kò rí ibi tí ọkàn ẹran wà, báwo ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ gbé ọta kékeré débẹ̀?

Àwọn mìíràn ń wí pé, "Ọta wẹ́wẹ́ pọ̀. Bí ọ̀kan kò bá bà á, òmíràn á bà á." Òótọ́ ni, á bà á. Ṣùgbọ́n bíbà kọ́ ni pípa. Ẹ ti gbọ́ òwe àwọn àgbà: igba abẹ́rẹ́ kò tó ọkọ́ ṣe. Igba ọta wẹ́wẹ́ náà nìyẹn. Kálukú wọn ń dá wọlé ni, kálukú wọn ń dá dúró. Wọn kì í para pọ̀ di ọta ńlá kan nínú ara ẹran.

Ẹnìkan tún wí pé, "Ọta ńlá wọ́n jù." Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn, n kò sì fojú kéré owó, nítorí mo mọ bó ṣe ń ṣòro láti rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Ẹ kọ iye owó kàtúùṣì ọta wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀. Ẹ kọ iye owó kàtúùṣì ọta ńlá kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Iye tó kù ni ẹ rò pé ẹ jèrè. Nísinsìnyí, ẹ kọ iye tí wọ́n ń ra itan àgbọ̀nrín kan lọ́jà yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Itan kan péré ni mo wí o, kì í ṣe odidi ẹran. Èwo ló pọ̀ jù? Ọdẹ tí àgbọ̀nrín kan bá lọ kú mọ́ nínú igbó ti pàdánù owó kàtúùṣì púpọ̀. Ọ̀pọ̀kúyọ̀kú ni ẹni tó ń ra ọta olówó pọ́ọ́kú ń san.

Àwọn àgbà kan á wí pé, "Ọfà ni àwọn baba wa fi pa ẹran, ọfà kò sì tóbi." Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín tilẹ̀ ran tèmi lọ́wọ́. Orí ọfà jẹ́ irin, ó mú, ó ń la ẹran wọlé. Igi rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn. Ọdẹ ayé àtijọ́ sì ń rákò sún mọ́ ẹran kó tó ta á. Ẹ rántí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ní ilẹ̀ Bràsíl, níbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, àwọn tó ń sin òrìṣà ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba Kétu títí di òní. Wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ pé ọfà kan ṣoṣo ló ní, ọ̀kan náà ló sì tó o. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n so mọ́ ọdẹ ọlọ́fà kan. Ṣé ó wá yẹ kí ọdẹ Kétu máa da ọta sínú igbó bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ?

Ọ̀rọ̀ òjé

Ẹ̀yin obìnrin, apá yìí kàn yín jù. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ọta kàtúùṣì. Májèlé ni òjé. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì léwu fún aláboyún àti oyún inú rẹ̀. OMS, àjọ tó ń rí sí ìlera ní gbogbo ayé, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ọta ńlá ń fi òjé sínú ẹran, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ọta ńlá kò ju mẹ́sàn-án lọ, a lè fi ọ̀bẹ wá wọn rí. Ta ni yóò wá ogójì tàbí ọgọ́ta ọta wẹ́wẹ́ tó ti rì sínú ẹran rí tán? Ọ̀pọ̀ ń bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ á gbé e mì pẹ̀lú òkèlè. Nítorí náà, ẹran yòówù kí ẹ rà, ìbáà ṣe ọ̀yà, ẹ wá ọta inú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ gé ibi tí ọta gbà wọlé àti ẹran dúdú tó yí i ká, kí ẹ sì sọ ọ́ nù. Ẹ má fi fún ajá.

Igbó kò kún bíi ti àná mọ́

Ọ̀yà ń bí ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Àgbọ̀nrín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ló sì sábà ń bí. Nígbà tí ọdẹ bá ṣe àgbọ̀nrín mẹ́ta léṣe kó tó rí ọ̀kan gbé wálé, ẹran mẹ́rin ló ti kúrò nínú igbó, ẹyọ kan ló dé inú ìkòkò. Báwo ni igbó ṣe fẹ́ san irú gbèsè bẹ́ẹ̀?

Ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin lórí ẹran ìgbẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ ni 2002-16, ọjọ́ rẹ̀ sì ni ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004. Òfin náà pín ẹran sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Àwọn kan wà tí a kò gbọdọ̀ pa rárá. Igbó wà tí ìjọba ti dá sí, bí igbó Dógò ní ìhà Kétu àti igbó Tui-Kílíbò lápá òkè Ṣábẹ. Kí ẹ tó gbé ìbọn jáde, ẹ lọ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ohun tí òfin gbà yín láàyè láti pa àti ibi tó gbà yín láàyè láti dé. Ọta tó yẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní àṣẹ kò sọ ọ́ di ọdẹ rere.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe

1. Ẹ ka nọ́ńbà ara kàtúùṣì kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ti parẹ́, ẹ má rà á.

2. Ẹ ya àpò ọta wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àpò ọta ńlá. Ọta wẹ́wẹ́ fún àparò, ẹtù àti ọ̀yà. Ọta ńlá fún àgbọ̀nrín.

3. Bí ọta wẹ́wẹ́ bá wà lẹ́nu ìbọn yín, tí àgbọ̀nrín sì yọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹran tó lọ láìfarapa, ẹ lè tún rí i lọ́la.

4. Ẹ má yìn ín láti ọ̀nà jíjìn. Ọta ńlá pàápàá kì í dájú mọ́ bó bá ti kọjá ìṣísẹ̀ 30. Ó sì tún ń fò lọ jìnnà ju ọta wẹ́wẹ́ lọ. Nítorí náà, bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran, ẹ má yìnbọn. Ó lè jẹ́ ènìyàn.

5. Ẹ má tú kàtúùṣì láti ki irin tàbí òjé tí ẹ rọ fúnra yín sínú rẹ̀. Ìbọn lè fọ́ mọ́ yín lójú.

6. Ẹran tí ẹ bá ṣe léṣe, gbèsè ni lọ́rùn yín. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ mú ajá àti ẹnìkejì, kí ẹ padà lọ tọpa rẹ̀ títí ẹ óò fi rí i.

Ẹ̀yin olórí ọdẹ, ẹ̀yin ni mo fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ọdẹ ti lágbára láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ bá wí nínú ìpàdé pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ọta ọ̀yà yìnbọn sí àgbọ̀nrín yóò san ìtanràn, àwọn ọ̀dọ́ yóò gbọ́ ju bí wọ́n ṣe lè gbọ́ tèmi lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tó mọ̀wé nínú yín kọ òfin náà sílẹ̀, kí ó sì kà á sókè ní gbogbo ìpàdé.

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo ti fọn fèrè tèmi. Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bí o bá jẹ́ ọdẹ, dìde báyìí, lọ kó àwọn kàtúùṣì rẹ jáde, kí o sì ka nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.